Gángan la wá gbọ́, kì í ṣe ariwo sípíkà

Fídíò kan ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Òde eré kan ni, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lóru. Sípíkà dúdú tò léra wọn títí tó fi ga ju òrùlé ìtàgé lọ, iná pupa ń ṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́ ń fò sókè. Gbogbo ẹni tó ń pín in ló ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eré yìí le, pé ohùn yẹn mi àwọn láyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ẹ má wo olórin. Ẹ wo ọkùnrin tó dúró lápá òsì, tó gbé gángan kọ́ èjìká. Òógùn ti mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọn lára. Apá òsì rẹ̀ ń fún osán, ó ń tú u, ó tún ń fún un. Kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ ọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ wá tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ìlù kankan. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn fi ń sọ̀rọ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, kò sí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu ìlù rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ó sì ń dùn mí gan-an.

Bí ẹ bá bi mí léèrè irú eré tó dùn mọ́ mi jù, n kò ní dárúkọ èyí tí sípíkà rẹ̀ pọ̀ jù. Eré tó ń wọ̀ mí lára ni èyí tí onílù ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí èrò sì gbè é. Onílù á fi ìlù pa òwe dé ìdajì, á dákẹ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á fi ẹnu parí rẹ̀. Ẹ̀rín á sọ, olórin fúnra rẹ̀ á yíjú wo onílù, á sì mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú orin tó ń kọ lọ́wọ́. Ohun tí a ò gbèrò rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ yẹn, kò sì ní ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Torí ẹ̀ lèèyàn ṣe ń kúrò nílé, tó ń san owó ìwọlé, tó ń fi ara fún ẹ̀fọn títí di aago mẹ́ta òru. Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, kí kálukú jókòó sílé kó tan rédíò.

Ó yẹ ká rántí ohun tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Kò lè pe “b” tàbí “k”. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti bí ó ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ohun tó ní nìyẹn. Ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jọra lóhùn sì pọ̀ bí yanrìn. Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń lo gbólóhùn gígùn, oríkì àti òwe tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí etí lè rí nǹkan dì mú. Wàyí o, ẹ wá fi gìtá báàsì, dùùrù oníná àti ìlù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn òyìnbó bo gbogbo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn òkè gángan nìkan ló máa yọrí, tó, tó, tó, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Gbólóhùn tó ní sílébù méjìlá á di mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè dénú á rò pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ẹ wo alounloun, ọ̀pá irin olórùka tí wọ́n fi ń ṣe orin àjógan láàfin Àjàṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, báàsì kò dé ibi tó wà, kò sí ariwo tó lè gbé e mì. Gángan kò ní irú oríire yẹn. Àárín ọjà ohùn ló ń gbé, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fa ara wọn láṣọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní ká ra sípíkà tó tóbi sí i, ká gba àwọn onísónò, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn, láti Kútọnu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Sípíkà kì í sọ ohun tí màíkì ò gbọ́.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé, bákan náà ló sì ń rí lọ́pọ̀ òde eré. Kí èrò tó dé, wọ́n á ṣe bàlánsì, ìyẹn ni pé wọ́n á dán ohùn wò. Onígángan á dúró níwájú màíkì tó wà lórí ọ̀pá, àlàfo ojú ìlù sí màíkì á tó àtẹ́lẹwọ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Onísónò á gbé ohùn rẹ̀ sókè títí tí yóò fi dára, á ní ó tó. Eré bẹ̀rẹ̀, ìlù ń sọ̀rọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, olówó kan dìde láàárín èrò, ó ń jó bọ̀. Olórin pe orúkọ rẹ̀. Kí ni onígángan máa ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ pàdé rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lójú olówó, ó ń kì í, ó ń ki baba rẹ̀, olówó ń lẹ owó sẹ́fà mọ́ ọn níwájú orí. Màíkì wà lórí ìtàgé lóun nìkan, dùùrù ló ń gbọ́.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ìlù bá jìnnà sí màíkì ní ìlọ́po méjì, ohùn tó ń wọ ibẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Sẹ̀ǹtímítà 15 di 30, ó ku ìdajì. 30 di 60, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. 60 di mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20, ó ku ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni onílù gbé o, kò tíì dé ọ̀dọ̀ olówó.

Onísónò rí i pé ìlù ti lọ, ó bá gbé bọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Màíkì tó ṣí gbayawu yìí kò rí ìlù gbọ́. Sípíkà kékeré tó wà nílẹ̀, tó dojú kọ olórin, ni ohùn rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí. Ó gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gbé e padà fún sípíkà, màíkì tún gbọ́ ọ, ó tún gbé e lọ. Ó ń yí, ó ń dàgbà sí i. Lójijì gbogbo òde han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin họ irin. Èèyàn fi ọwọ́ di etí. Onísónò fi ìbẹ̀rù fa nǹkan wálẹ̀, ti gángan ló sì kọ́kọ́ fà, torí ibẹ̀ ni igbe ti wá. Olówó náwó tán, ó padà sórí àga. Onígángan gun ìtàgé padà, ó dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kan sí màíkì. Ó ń lù ú. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí gbé e sókè títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn dáadáa. Owó kan ṣì lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọkùnrin náà.

N kò bá olówó wí. N kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé onílù ló ṣe àṣejù. Láti ilẹ̀ wá, ìlù ń bá ẹni tó ń kì rìn ni, ohùn rẹ̀ sì ń bá a lọ. Àwa la so ohùn mọ́ ọ̀pá lójú kan, tí a wá ń retí kí onílù di òpó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó ohun tí a ń ná sórí iná tó ń ṣẹ́jú. Màíkì kékeré wà tí wọ́n ń há mọ́ nǹkan. Ẹ há a mọ́ ọ̀já tí onílù fi gbé ìlù kọ́ èjìká, kí orí rẹ̀ kọjú sí awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Ẹ má há a mọ́ osán. Osán kì í dúró jẹ́ẹ́, gbogbo ìgbà tí onílù bá fún un ló máa dún kẹrẹkẹrẹ nínú sípíkà. Bó bá jẹ́ ìyáàlù, ṣaworo wà létí awọ rẹ̀. Kí màíkì kọjú sí àárín, kó jìnnà sí etí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣaworo nìkan lẹ máa gbọ́ títí eré á fi parí. Bó bá jẹ́ irú màíkì tí kò ní wáyà, bátìrì tuntun ni kí wọ́n fi sí i kí onílù tó gun ìtàgé, kì í ṣe èyí tí wọ́n lò níbi ìgbéyàwó lánàá. Kò sówó fún èyí? Kí ọmọ iṣẹ́ kan mú màíkì ọwọ́ lásán, kó máa tẹ̀lé onílù káàkiri, kó ṣáà má kọjá síwájú àwọn sípíkà ńlá, kó sì máa fi ẹ̀yìn màíkì kọ wọ́n. Bí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ fi ẹfun fa ìlà sí iwájú ìtàgé kí olówó máa bọ̀ wá bá onílù níbẹ̀. Inú olówó á tún dùn sí i, gbogbo èèyàn á rí i.

Ohun kan tún wà tí kì í ná èèyàn ní kọ́bọ̀: kí ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí àwọn ohùn ìsàlẹ̀. Gìtá báàsì ti wà nísàlẹ̀. Wọn ò lè jọ jókòó síbẹ̀ kí ibẹ̀ gba ìlù.

Ẹ̀yin olórin náà, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Ẹ yé fi ọwọ́ di orí màíkì. Mo mọ̀ pé ó dára lójú, àwọn ọ̀gá onífújì ń ṣe é, àwọn ọmọ tó ń kọ ráàpù náà ń ṣe é. Àmọ́ irú màíkì yẹn ní ihò lẹ́yìn orí rẹ̀, ihò yẹn ló jẹ́ kó máa gbọ́ ohun tó wà níwájú kó sì kọ etí ikún sí ohun tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbogbo àyíká, títí kan sípíkà tó wà lẹ́sẹ̀ yín. Igbe á ta. Ẹ ó wá yíjú sí onísónò, ẹ ó bú u níwájú èrò. Ọwọ́ yín ló fà á. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹnu yín jìnnà sí i ní bí ìka méjì, ó tán.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná aláwọ̀ àti ẹ̀rọ ohùn kò gbọdọ̀ jọ mu nínú wáyà kan láti ara jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, ohùn á máa kùn bí oyin. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn náà kò dára, torí iná fólìtì 220 tó kúrò nídìí ẹ̀rọ kì í dé ìtàgé ní 220. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí wáyà sì sanra.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣeré náà ṣe pàtàkì. Níta gbangba bíi Place Jean Bayol, ohùn ń rí ibi gbà lọ. Nínú pápá ìṣeré oní-sìmẹ́ńtì, ó ń padà wá. Ohùn ń rin bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri bá wà ní mítà 50 sí ìtàgé, ohùn á lọ á bọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Onílù tí ọwọ́ rẹ̀ yá á ti lu bíi sílébù méjì sí i kí ti àkọ́kọ́ tó padà dé. Ohùn òkè tó ti lu kọjá á wá bọ́ lé orí ohùn ìsàlẹ̀ tó ń lù lọ́wọ́. Kò sí òwe tó lè yè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan nírú ibẹ̀, kó má dúró lẹ́nu sípíkà, kó má sì lọ sẹ́yìn pátápátá. Kó wá ibi tí tábìlì onísónò wà, kó dúró nítòsí ibẹ̀. Ohun tí onísónò ń gbọ́ ló ń tò fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá dúró tì í ló ń gbọ́ eré bó ṣe yẹ kó rí.

Àwọn kan máa ní gìtá àti ìlù wa kò lè bára wọn gbé. Irọ́ ni. King Sunny Adé kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1983, gìtá tó pọ̀ níbẹ̀, gángan tó pọ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń dé etí. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ṣe é: gìtá kọ̀ọ̀kan ń kọ gbólóhùn kúkúrú, á dákẹ́, á fi àyè sílẹ̀; àyè yẹn ni gángan ń bá wọlé. Kò sí ẹni tó ń fi ohùn kún gbogbo àlàfo. Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1968, mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Sagbohan Danialou, tó ń lu ìlù tó tún ń kọrin, mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wọ̀nyí gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ, torí àárín ara wọn ni wọ́n ti to ohùn kí onísónò tó fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku ibì kan tí ọkàn mi ti ń ṣe méjì, bí mo sì ṣe ń kọ èyí ló tún ń ṣe méjì sí i.

Ní Kétu, ibẹ̀ ni mo rò pé eré tó dùn jù nílẹ̀ wa wà. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lójúde ọjà. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001, ó sì ti wà nínú àkójọ wọn láti 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àmọ́ ẹ gbàgbé ìyẹn, ẹ wo bí ohùn ṣe ń rìn níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀, ọkùnrin tó ń kọrin lóru náà, á dá orin. Á tún un dá. Àwọn tó sún mọ́ ọn á gbà á, wọ́n á kọ ọ́ títí tí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á fi mọ̀ ọ́n, á ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́bàá ìsọ̀. Èèyàn ni sípíkà. Orin tí kò bá dùn mọ́ èrò kò ní kọjá ìlà kẹta, orin tó bá dùn á dé òpin ọjà. Ìlù wà láàárín, èèkàn ni wọ́n fi kan awọ mọ́ wọn. Ìrì òru ń dẹ awọ, wọ́n á gbé wọn sún mọ́ iná, wọ́n á gbá èèkàn wọlé díẹ̀, ohùn á tún le. Kò sí bọ́tìnnì. Kò sí igbe.

Mo ti máa ń tọ́ka sí ibẹ̀ bí ẹ̀rí pé kò sí ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n màíkì ti ń wọ òde Ẹ̀fẹ̀ láwọn ibìkan, wọ́n á gbé sípíkà kan kọ́ igi. Inú mi kọ́kọ́ ru sí i. Orin ti ń dé etí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ní láti gbà á lẹ́nu ẹnìkejì mọ́, ègbè sì ń fúyẹ́. Ohùn ọkùnrin náà ń ti orí igi wá, ìlù ń ti ilẹ̀ wá.

Àmọ́ torí àwọn ìyá la ṣe ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kò lè dúró láàárín èrò. Ẹ̀bá ìsọ̀ ló ń jókòó sí, lórí àpótí, pẹ̀lú ìborùn lára nítorí ìrì. Etí rẹ̀ ti wúwo. Kí sípíkà tó dé orí igi yẹn, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ba sọ fún un ohun tí Ẹ̀fẹ̀ wí. Ní báyìí, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín lójú kan náà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú ọjà yẹn ju èmi lọ: bí ẹ bá gbé sípíkà kékeré kan síta, kó kọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá nìkan, kí ohùn rẹ̀ má ju ti ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nítòsí, ṣé àwọn tó wà láàárín á ṣì máa gbè é?